Àmì Funfun Lára Ògiri Búlúù

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ẹyẹlé mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú àárò mi, torí mo mọ̀ pé àárò mi ń sọ ọ́. Èmi wà bí mo ṣe wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí láàárọ̀, ti òsì ń dùn mí nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti pín in láàárín ara wọn láìjà.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, pẹ̀lú ìwé pélébé aláwòrán tí o ní o rí nínú garawa ìdọ̀tí, nínú yàrá àlejò tí ò ń tún ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì yín. O ní o ṣí i, o rí òpópónà wa níbẹ̀, o rí èmi fúnra mi lójú fèrèsé, o wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, o ń sunkún. Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún? Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti kú ni? Mo wò ó dáadáa. Èmi ni lóòótọ́. Irun mi ò yà, ẹnu mi là sílẹ̀ bíi ti ẹja. Ẹni tó ya àwòrán yẹn ò kí mi, kò ní "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́." Ká ní mo rí i ni, omi abọ́ tí mo fi ń fọ àwo ni ì bá bá a lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán, tí o tún bá mi kọ gàdàgbà gàdàgbà, mo kà á. Wọ́n ní àwọn apẹja ayé àtijọ́ ló kun ilé wọn ní búlúù láti fi bọlá fún odò. Irọ́ gbuu! Apẹja wo? Apẹja kan ṣoṣo ló gbé òpópónà yìí rí, ilé tó ń kó àwọ̀n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa nísàlẹ̀, ti di ilé aláǹgbá látìgbà tó ti kú. Bàbá rẹ ló kun òpópónà yìí. Ìwọ náà mọ̀. Ọdún tí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ń kógbá sílé ni wọ́n gbé ọ̀dà ọkọ̀ fún un dípò owó oṣù: dúrọ́ọ̀mù mọ́kànlá, búlúù ni gbogbo rẹ̀. A ò kúkú lè jẹ ọ̀dà. Ó kun ilé wa, ọ̀dà ṣẹ́ kù. Ó kun ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti etí odò títí dé orí òkè, ó tún ṣẹ́ kù. Ó kun àga, ó kun àtẹ̀gùn, ó ń wo ajá aládùúgbò lójú nígbà tí mo gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ọlá tí wọ́n fi bọ odò.

Oníbúrẹ́dì tó wà lórí òkè ṣì ń sọ ọ́ títí dòní pé ńṣe ni bàbá rẹ jí ọ̀dà yẹn. Ogún ọdún rèé, "ẹ káàárọ̀" nìkan ló ń ti ẹnu mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu egungun ẹja.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ ní wíwò nílùú yìí, kí wọ́n wá bi mí. Wọ́n kọ afárá, wọ́n kọ ọgbà òdòdó, wọ́n kọ ilé aago. Aago yẹn ti kú kí n tó lóyún rẹ! Ohun tó yẹ ní wíwò ni kùtùkùtù, nígbà tí ìkùukùu bá dìde lórí odò, tó gba ẹ̀yìn ilé wa gun òkè, tó bo ilẹ̀ pátá. Ilé ò ní ìpìlẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Gbogbo búlúù náà á kàn léfòó. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ife tíì mi, mi ò ní mọ ibi tí ilé parí sí, mi ò ní mọ ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò lè ya ìyẹn. Ó yẹ kéèyàn ti jí.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ọ́fíìsì ìlú mú lẹ́tà kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, èmi ni wọ́n sì gbé e fún, torí èmi ni àgbà òpópónà. Wọ́n ní kí n kà á fún gbogbo ilé. Lẹ́tà ẹ̀rọ ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èèrà. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, gbogbo wọn pé jọ, Oníbúrẹ́dì náà dé tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Mo kà á fún wọn ketekete. Wọ́n kí wa, wọ́n ní òpópónà wa ń wu àlejò, wọ́n ń tún ìlú ṣe, wọ́n á máa wá wò wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, Ẹyẹlé. Ó dùn mọ́ mi.

Bá mi wá òwú nípọn nípọn, mo fẹ́ hun ìbọ̀sẹ̀ fún ọ. Kọ́kọ́rọ́ rẹ ṣì wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo máa ń fi epo pa á. Má sì gbàgbé ohun tí mo sọ fún ọ nígbà tí ò ń lọ: bó ti wù kó rí, má tẹ wáyà sí mi. Wáyà kan ṣoṣo ló wọ ilé yìí rí, ikú bàbá rẹ ló gbé wá.

Èmi ìyá rẹ, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú orúnkún o, ọ̀tún àti òsì. Mo ti fi òwú ránṣẹ́, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, kò sí búlúù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má bínú.

Mo tún rí ẹ̀dà kan nínú ìwé aláwòrán náà, mo gé àwòrán yín níbẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí tó wà nínú yàrá mi. Yàrá náà ò tóbi ju ibi tí ẹ ń to igi sí lọ, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹsẹ̀ mi wú, mo máa ń wo yín títí yàrá náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí odò. Nígbà míì, tí mo bá wà nínú yàrá ìfọṣọ, tí ooru àwọn ẹ̀rọ bo gbogbo ojú, ó máa ń dà bíi pé tí mo bá na ọwọ́, ògiri wa ni màá fọwọ́ kàn.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Lẹ́tà ọ́fíìsì yẹn, ṣé ẹ kà á tán? Níbí, tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tún àdúgbò ṣe, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kó ẹrù. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi kí èmi náà rí i. Tí ẹ ò bá sì fẹ́, ẹ jẹ́ kí apínlẹ́tà bá yín wò ó.

Tí ọ̀rọ̀ bá sì fẹ́ le, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì mi gba èèyàn méjì. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

Ọmọ yín, Ẹyẹlé.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ẹyẹlé,

Mo kí ọ. Òwú dé.

"Ṣé ẹ kà á tán?" Ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi tí mo ń ka lẹ́tà rẹ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìpe ẹnikẹ́ni! Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé lóòótọ́, àmọ́ ọdún méjì náà, mo jókòó síwájú. Kí n gbé lẹ́tà àdúgbò fún apínlẹ́tà kó kà á fún mi? Kó lè rí nǹkan gbé láti ilé dé ilé, lórí èyí tí wọ́n ń sanwó fún un láti gbé? Mo ti kà á. Ọ̀rọ̀ parí.

Bẹ́ẹ̀dì rẹ tó gba èèyàn méjì, sùn sí àárín rẹ̀.

Fetí sílẹ̀, kí o gbọ́ ohun tí ìyá rẹ ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, nírọ̀lẹ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, ọkùnrin méjì oníbọ̀wọ́ wá pẹ̀lú agolo ọ̀dà funfun. Wọ́n fa àmì róbótó bí ẹnu ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, láti ilé kan sí ìkejì. Ilé mẹ́fà. Wọ́n fo ilé àwọ̀n, wọ́n sì fo tèmi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo tẹjú mọ́ wọn, wọ́n kí mi, wọ́n kọjá. Wọ́n mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Apínlẹ́tà ti sọ fún wa tipẹ́ pé lódìkejì afárá, àmì pupa ni wọ́n kọ sára ilé, kò sì pé oṣù kan tí katapílà fi dé. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, tó bá rí ekòló á sá. Pupa ni o, funfun ni o, àmì ni àmì. Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, tí ìkùukùu ṣì wà lórí àtẹ̀gùn, mo gbé agolo tó kẹ́yìn nínú ọ̀dà bàbá rẹ, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo gun òkè lọ, mo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé mẹ́fà, orúnkún méjì.

Ti Oníbúrẹ́dì pẹ̀lú. Òun nìkan ló ti jí, nítorí ààrò rẹ̀. Ó yọjú, ó rí mi. Nígbà tí mo kùn ún tán, ó na búrẹ́dì gbígbóná sí mi. Mo ní, "Mi ò jẹ búrẹ́dì." Àmọ́ Ẹyẹlé, òórùn rẹ̀ bá mi sọ̀ kalẹ̀ dé ilé.

Nígbà tí àwọn èèyàn jí, tí wọ́n gbọ́, wọ́n pè mí ní Ìyá Òpópónà. Mo fara balẹ̀ gbà á.

Mo sì rí bàbá rẹ lójú àlá lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lórí àkàbà, àkàbà náà wà láàárín odò, ó ń kun omi. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, sọ̀ kalẹ̀, oúnjẹ ti tutù." Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Dúró ná. Ó ku díẹ̀." Mo jí, mo ṣì ń gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì, omi ló ń lu ẹ̀yìn ilé.

Ìbọ̀sẹ̀ rẹ ló wà nínú ẹrù yìí. Mo fi bébà kan tó nípọn dáadáa wé e, kí òjò má baà bà á jẹ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ìbọ̀sẹ̀ bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́.

Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Màá kọ ọ́ gàdàgbà.

Bébà tí ẹ fi wé ìbọ̀sẹ̀, lẹ́tà ọ́fíìsì ni. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ọwọ́ nà án, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

ILÉ TÍ WỌ́N BÁ FA ÀMÌ FUNFUN SÍ LÁRA, WỌN Ò NÍ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Nítorí àwọn àlejò ni wọ́n fi fẹ́ pa wọ́n mọ́. ILÉ TÍ KÒ BÁ LÁMÌ NI WỌ́N MÁA WÓ. Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà ni katapílà ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ wó ilé méjèèjì tó wà létí odò kí àlejò lè máa rí omi láti orí òkè. Wọ́n ní kí àwọn onílé méjèèjì wá sọ tẹnu wọn lọ́fíìsì kí oṣù kẹrin tó parí.

Oṣù kẹrin ti parí, Màmá.

Ilé tiwa ni wọ́n fẹ́ wó. Ní báyìí tí ẹ ti pa àmì rẹ́, kò sí ilé kankan lórí òpópónà tó lámì. Ṣé ẹ rí i?

Mo mọ ohun tí ẹ sọ nípa wáyà. Mo rú òfin yín lónìí. Mo lọ sí pósọ́fíìsì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, mo tẹ̀ ẹ́ pé: KÒ SẸ́NI TÓ KÚ. ÀMÌ FUNFUN LÓ Ń GBA ILÉ LÀ. Ẹ KÙN ÚN PADÀ KÍA. Àdúrà mi ni pé kí wáyà náà ti dé kí ẹ tó rí lẹ́tà yìí. Mo dá bébà náà padà sínú àpòòwé, ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì.

Mi ò bínú, Màmá. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń gbé ìwé àdúrà dání nílé ìjọsìn, ẹ máa ń ṣí ojú ewé lásìkò tí àwọn tó kù bá ṣí i. Ojú mi wà lára yín, kì í ṣe lára ìwé. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀wé tó yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Ta ló kú?

Wáyà rẹ dé lọ́jọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn. Apínlẹ́tà gbé e wá, ó ṣí fìlà kó tó na ọwọ́ sí mi. Mi ò ṣí i. Mo gbé e sórí pẹpẹ, mo fi abọ́ dé e. Mo ń jẹun síwájú rẹ̀, mo ń sùn síwájú rẹ̀. Bí mi ò bá ṣí i, ẹni náà ò tíì kú.

Àbí ìwọ ni? Òkú kì í tẹ wáyà. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ kẹta mo tún rò ó pé ẹlòmíì lè bá ọ tẹ̀ ẹ́.

Kọ lẹ́tà sí mi pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ. Ṣé o ń jẹun? Ṣé ìbọ̀sẹ̀ dé? Ìkùukùu ò ṣí nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin báyìí. Mi ò rí òkè láti ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó ń gbé nínú àpòòwé ni mo ṣe rí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Ẹyẹlé mi,

Ìwọ lo kọ ọ́. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ lẹ́yìn àpòòwé, lánàá òde yìí, lójú ẹsẹ̀ ni mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níwájú apínlẹ́tà. Ó rò pé mo fẹ́ kú. Mo ní kó máa lọ, lẹ́tà ìdùnnú ni. Mo wá kà á.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí wáyà. Ọjọ́ méjìdínlógún ló lò lábẹ́ abọ́. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ìwọ náà, má sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Mo wọ bàtà, mo lọ sí ọ́fíìsì ìlú. Akọ̀wébìnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ kékeré, ó kun èékánná.

Ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́?"

Mo ní, "Ka lẹ́tà yìí fún mi, ketekete."

Ó wò ó. "Ṣebí oṣù kẹta la ti mú èyí wá. Ẹ ò kà á ni?"

Mo wo òkè àjà, mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Mi ò lè kà á."

Ẹyẹlé, ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí rẹ. Gbólóhùn yẹn le jù ú lọ.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga fún mi. Ó kà á, gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ ló rí. Mo ní ṣé wọ́n ní orúkọ àwọn ilé mẹ́fà náà. Ó ní ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ti rìnrìn àjò, iye nìkan ló wà nínú ìwé. Ó ní, "Àmì ni awakọ̀ katapílà ń wò, Ìyá. Kó rí mẹ́fà géérégé. Bó bá dé tí kò rí ìkankan, òpópónà ti lọ nìyẹn. Bó bá rí méje, wọ́n á ní ẹ ń ṣe màgòmágó, wọn ò ní ka ọ̀kankan sí."

Mo ní, "Àwọn tó wà létí odò ńkọ́?"

Ó kàn wo èékánná rẹ̀. Ó ní yàrá kan wà fún mi nínú ilé tuntun lẹ́yìn ojú irin, òkè kẹrin. Mo ní, "Ṣé wọ́n ń gbọ́ omi níbẹ̀?" Ó ní rárá.

Àárọ̀ yìí ni mo pe gbogbo ilé jọ síwájú àtẹ̀gùn kan náà. Mo ní, "Lẹ́tà tí mo kà fún yín, mi ò kà á. Inú ara mi ni mo ti sọ ọ́." Mo sọ ti àmì mẹ́fà fún wọn, àmọ́ mi ò dárúkọ etí odò. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan súfèé. Mo retí kí Oníbúrẹ́dì bú mi, ó ti dúró de irú ọjọ́ yìí fún ogún ọdún, ṣùgbọ́n kò bú mi.

A wá gun òkè pẹ̀lú ọ̀dà funfun. Ó rọrùn láti mọ àwọn ilé náà, torí búlúù tí mo kùn lóṣù kẹrin ṣú ju èyí tí oòrùn ti jẹ lọ. Ó dà bí àlẹ̀mọ́ lára aṣọ. A rí ọ̀kan, a rí méjì, a rí márùn-ún. Wọ́n ń wá ìkẹfà kiri. Èéfín ààrò ti bo ògiri Oníbúrẹ́dì, dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí mo kùn.

Apínlẹ́tà, tó nífẹ̀ẹ́ mi, bojú wò mí. Ó ní, "Ìyá, àbí tiyín ni ìkẹfà?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n fẹ́ gbà á gbọ́. Mo rí i lójú wọn. Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀. Òun nìkan ló rí mi ní kùtùkùtù ọjọ́ yẹn. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Bó bá yanu, wọ́n á ní ìjà àná ló ń jà. Ó kàn ń wò mí.

Búrọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ẹyẹlé, màá sọ òótọ́ fún ọ, mo wo ìsàlẹ̀. Mo wo ilẹ̀kùn wa. Mo rò nípa kọ́kọ́rọ́ rẹ lórí ìṣó. Ó pẹ́ díẹ̀.

Mo wá ní, "Oníbúrẹ́dì, yá mi ní ọmọrí ìkòkò."

Mo fi ọmọrí náà wọn ọ́n, mo fa àmì yíká rẹ̀ sára ògiri rẹ̀. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ló róbótó jù. Kì í ṣe àánú o, má ṣì mí gbọ́. Bí mo bá gba àmì yẹn, irọ́ tó pa mọ́ bàbá rẹ á di òótọ́ ni. Wọ́n á ní látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé yẹn, olè ló ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Mo ti gbá ilé. Mo nu fèrèsé. Bí wọ́n bá máa wó o, kí wọ́n wó ilé tó mọ́.

Ìyá rẹ.


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Lẹ́tà yín dé lónìí. "Ọ̀la" tí ẹ kọ ti kọjá láti ogún ọjọ́ sẹ́yìn. Mi ò tiẹ̀ mọ ilé tí màá kọ sẹ́yìn àpòòwé, mo kọ "Ìyá Òpópónà" síbẹ̀, apínlẹ́tà á mọ̀.

Màmá, níbo lẹ sùn? Àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìsinmi lóṣù kẹsàn-án. Mo fẹ́ wá, àmọ́ mi ò mọ ilé tí mò ń bọ̀. Mo dúró níwájú dígí, mo wo àwòrán yín lójú fèrèsé, mo wá rántí pé fèrèsé náà ò sí mọ́. Níbo lẹ dúró sí báyìí tí ẹ fi ń wò mí?

Ẹyẹlé yín.


Ogúnjọ́, oṣù keje

Ẹyẹlé mi,

Mo kí ọ kú ìdààmú. Apínlẹ́tà mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ó ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà rẹ lókè orí bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Wọ́n wó o. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilé tí bàbá rẹ fi ọdún mẹ́ta kọ́! Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi kó tó bẹ̀rẹ̀, mo dáhùn. Eruku rẹ̀ búlúù. Ó bà lé wa lórí, ó bà lé búrẹ́dì tó wà níta. Wọ́n ka àmì, ó jẹ́ mẹ́fà, wọ́n lọ.

Mo jókòó sórí àpótí mi, mo ń retí ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ sẹ́yìn ojú irin. Oníbúrẹ́dì dé. Ó ní, "Yàrá kan wà lẹ́yìn ààrò mi. Ó máa ń gbóná, ó dáa fún orúnkún."

Mo ní, "Mi ò bá ẹni tó pe ọkọ mi lólè gbé."

Ó bọ́ sí àárín títì, ó fi ohùn tó fi ń polówó búrẹ́dì kígbe: "Gbogbo yín, ẹ gbọ́ o! Owó iṣẹ́ ọkùnrin yẹn ni ọ̀dà yẹn! Kò jí i! Inú ló ń bí mi pé ilé mi ló kùn kẹ́yìn!"

Ogún ọdún, Ẹyẹlé. Nítorí pé tirẹ̀ ló kùn kẹ́yìn! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún. Òun náà sunkún. Mo jẹ búrẹ́dì náà.

Mo ti ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn wa kí katapílà tó dé. Apínlẹ́tà àti àwọn ará àdúgbò gbé e gun òkè bí ẹni gbé ìyàwó, wọ́n sì gbé e kọ́ yàrá tí mo wà. Ó fi díẹ̀ tóbi jù, ó máa ń dún bó bá ń ṣí. Jẹ́ kó máa dún, màá mọ̀ nígbà tí o bá dé.

Ní báyìí, gbọ́ èyí. Láàárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo yọjú ní fèrèsé orí òkè yìí. Ìkùukùu ń ká kúrò nílẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ níbi tí ilé wa wà. Odò ni mo rí. Odò gan-an, gbalasa, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé tó kẹ́yìn parí sí, búlúù kan náà, kò sí ààlà láàárín wọn. Ó dà bíi pé búrọ́ọ̀ṣì kan ló fà á láti ẹnu ọ̀nà mi títí lọ sódìkejì. Ogójì ọdún ni ilé wa fi dí omi lójú, a ò mọ̀. Mo rántí ọkùnrin orí àkàbà. "Ó ku díẹ̀." Kò kù mọ́, Ẹyẹlé. Ó kùn ún tán.

Mi ò ní kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì o! Inú ṣì ń bí mi. Bí àlejò bá dúró síbẹ̀, tí wọ́n ń ya àwòrán, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Mo ti ya irun mi kí n tó lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ibi tí ẹ dúró sí yìí, yàrá mi ni, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Kì í sì í ṣe apẹja ló kùn ún.

Ohun méjì ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Tí o bá ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án, mú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní lẹ́tà ẹ̀rọ wá, àwọn wẹ́wẹ́ bí èèrà yẹn. Mi ò tíì dàgbà jù. Èkejì, má kanlẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ ló wà nínú àpòòwé yìí, mo ti fi epo pa á. Ilẹ̀kùn yẹn ni ilẹ̀kùn rẹ, ó kàn gun òkè ni.

Ìyá rẹ, tó dúró lójú fèrèsé.